Kí Ọdẹ Tó Gbé Ìbọn, Kó Kọ́kọ́ Wo Afẹ́fẹ́: Láti Ìfọ̀ dé Pennsylvania

Ẹni tí ilé rẹ̀ bá wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ fún fùfú ní Mówè, Ìbàfò tàbí Ìfọ̀ kò nílò ẹ̀rọ kankan láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀. Ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọdún, gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni afẹ́fẹ́ wa ti ń wá. Orí òkun ló ti gbéra, ó gba Èkó kọjá, ó sì ru ọ̀rinrin tó ń di òjò fún wa. Bí ilé rẹ bá wà ní apá àríwá ìlà-oòrùn ibi tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ náà, òórùn fùfú yóò máa bá ọ jẹun láàárọ̀ lálẹ́, aládùúgbò tó wà ní òdìkejì sì lè má gbọ́ ọ rárá. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí ọyẹ́ dé, láti nǹkan bí ìparí oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kejì. Afẹ́fẹ́ á yí padà, á máa ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, pẹ̀lú eruku àti òtútù òwúrọ̀. Nígbà náà ni òórùn ọ̀hún á fi ọ́ sílẹ̀, á lọ máa gbé lọ́dọ̀ aládùúgbò rẹ.

Bí òórùn fùfú ṣe ń gun afẹ́fẹ́ rìn, bẹ́ẹ̀ náà ni òórùn ènìyàn. Kò sí ẹni tó wọ igbó tí òórùn rẹ̀ kò bá a wọ̀ ọ́. Òógùn wa ń rùn, ọṣẹ tí a fi wẹ̀ ń rùn, èéfín ìdáná tó mọ́ aṣọ ń rùn, òróró ìbọn ń rùn, kódà bàtà tí a fi ti orí títì wọ inú oko ń rùn. Imú tiwa kò ka èyí sí, àmọ́ imú ẹranko kì í fojú fo ọ̀kan nínú wọn. Ọdẹ tó bá jẹ́ kí òórùn rẹ̀ ṣáájú òun dé ọ̀dọ̀ ẹran ti pàdánù ẹran náà kó tó fojú kàn án. Afẹ́fẹ́ ló ń pinnu ibi tí ọdẹ yóò lúgọ sí, ọ̀nà tí yóò gbà débẹ̀, àti ọjọ́ tó yẹ kó dúró sílé. Òfin kan náà yìí ló wà nínú igbó Ìfọ̀ àti nínú igbó Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ti ń dọdẹ àgbọ̀nrín lọ́dọọdún. Ẹni tó bá yé nílé yóò yé e lókè òkun.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ nílé. Láàárín ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn àti odò Ògùn, láti ẹ̀yìn Ìbàfò àti Mówè lọ sí ìhà Ọ̀fàdà, ilẹ̀ tẹ́jú, àbàtà sì wà káàkiri. Ní òdìkejì odò, láti Ìfọ̀ lọ sí Ewékorò, oko ẹ̀gẹ́, ọ̀pẹ àti igbó ṣúúrú ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọ̀yà, ẹtu àti àgbọ̀nrín ni ẹran tí ọdẹ ibẹ̀ mọ̀ bí ẹni mowó. Lábẹ́ ojú ẹtu ni ẹ̀yà ara kan wà tó ń sun omi olóòórùn. Ẹtu a máa fi í ra ara igi àti koríko kí ẹtu mìíràn lè mọ̀ pé ilẹ̀ yìí ní olúwa. Àgbọ̀nrín kì í rìn lágbo. Ó sábà máa ń dá rìn ni, tàbí kí abo wà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀. Bó bá fura, á dúró gbọnin, á na imú sókè. Bó bá dá a lójú pé ewu wà, á gbó bí ajá, á sì wọgbó lọ. Ọdẹ tó bá gbọ́ gbígbó yẹn mọ̀ pé alẹ́ ti bàjẹ́ nìyẹn, nítorí gbogbo ẹran tó wà nítòsí ló ti gbọ́ pẹ̀lú.

Ẹ wo oko ẹ̀gẹ́ kan lẹ́yìn Ìfọ̀, kí ọ̀rọ̀ yìí lè ṣe kedere. Ká sọ pé igun àríwá ìwọ̀-oòrùn oko náà ni ẹran máa ń gbà jáde nírọ̀lẹ́ láti inú igbó etí odò. Nígbà òjò, bí ọdẹ bá lúgọ sí apá ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn á kó òórùn rẹ̀ lọ sẹ́yìn, síhà àríwá ìlà-oòrùn, ẹran kò sì ní mọ̀ pé ẹnìkan wà níbẹ̀. Kí ọdẹ yìí kan náà wá lọ jókòó sí apá ìlà-oòrùn yẹn nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ ń ti àríwá ìlà-oòrùn bọ̀, ọ̀rọ̀ á yí padà. Òórùn rẹ̀ á la oko náà já lọ síhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, á sì kan apá ìwọ̀-oòrùn tí ẹran ń gbà kọjá kó tó jáde. Ohun tó yẹ kó ṣe ni pé kó kó lọ sí apá gúúsù. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á máa gbé òórùn rẹ̀ jáde kúrò nínú oko pátápátá, kò ní kan igun tí ẹran ń gbà jáde. Oko kan ṣoṣo ni, ẹran kan náà ni, àmọ́ ibùba méjì ló nílò: ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún ọyẹ́.

Báwo ni ọdẹ ṣe ń mọ̀? Á tẹ̀ bá ilẹ̀, á bu eruku ẹ̀kúnwọ́ kan, á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n àyà, á sì máa wo ibi tó ń gbá a lọ. Nígbà òjò tí eruku kò sí, eérú tó di sínú àpò á ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹran tó bá wà níwájú rẹ̀, á yí po, á sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ lù ú lójú kó tó máa yọ́ sún mọ́ ọn. Bí eruku bá jábọ́ gbọọrọ láìṣẹ́ kọ́rọ́, afẹ́fẹ́ kò sí nìyẹn, àwọn àgbà ọdẹ kì í sì í gbẹ́kẹ̀ lé irú ìdákẹ́rọ́rọ́ bẹ́ẹ̀: òórùn á rọ̀gbà yí ọdẹ ká, yóò sì tàn lọ sí ibi gbogbo nígbà tí atẹ́gùn kékeré bá dé lójijì. Ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló tún burú jù. Ní oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, òjò ńláńlá wa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn ṣú bọ̀. Kí ẹ̀kán àkọ́kọ́ tó balẹ̀, ẹ̀fúùfù á ti rọ́ dé láti ìlà-oòrùn, afẹ́fẹ́ tó ń lu ọdẹ lójú á sì máa gbá a lẹ́yìn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọdẹ tó gbọ́n á palẹ̀ mọ́.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọdá òkun. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tó ń gbé ní Maryland, Georgia tàbí Texas ti mọ àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà, ojú títì ni wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ń ṣú nínú oṣù kọkànlá, á fò jáde láti inú igbó, á já lu mọ́tò. Àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ibẹ̀ fojú bù ú pé irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ń lé ní mílíọ̀nù kan lọ́dún. Àgbọ̀nrín onírù funfun ni ẹran náà. Abẹ́ ìrù rẹ̀ ló funfun, ó sì máa ń na ìrù náà sókè bí àsíá nígbà tó bá ń sá. Òun àti àgbọ̀nrín tiwa kì í ṣe ìdílé kan náà. Tiwa jẹ́ ìbátan màlúù àti ewúrẹ́, ìwo akọ rẹ̀ kì í sì í wọ́ títí tó fi máa kú. Ti Amẹ́ríkà a máa wọ́ ìwo rẹ̀ lọ́dọọdún lẹ́yìn ìgbà tí akọ àti abo ń pàdé, a sì tún hu òmíràn nígbà ìrúwé. Kò sí irú ìdílé àgbọ̀nrín bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ ẹran ilẹ̀ ní gúúsù Sàhárà. Ní gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, apá àríwá nìkan ni wọ́n ti jẹ́ ẹran ilẹ̀.

Síbẹ̀, ní ti imú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Àgbọ̀nrín onírù funfun ní ẹ̀yà tó ń sun òórùn láàárín pátákò, nínú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, níwájú orí àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Nígbà tí akọ bá ń wá abo, á fi pátákò họ ilẹ̀ lábẹ́ ẹ̀ka igi tó rọ̀ wálẹ̀, á tọ̀ sórí rẹ̀, á sì fi iwájú orí ra ẹ̀ka náà. Akọ mìíràn tó bá ń bọ̀ lè má dé ìdí igi yẹn rárá. Á gba apá ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ kọjá, á fa òórùn náà símú, á sì mọ ẹni tó wá àti bó ṣe pẹ́ tó. Ojú rẹ̀ kò lágbára tó bẹ́ẹ̀ lórí àwọ̀: kò lè ya pupa tàbí àwọ̀ ọsàn sọ́tọ̀ dáadáa kúrò lára ewé. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà fi pa á láṣẹ fún ọdẹ oníbọn láti wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn títàn yòò; àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á rí i, ẹran kò ní fura. Ọdẹ lè tan ojú jẹ, ó sì lè pa ẹnu mọ́ fún etí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ fún imú.

Àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń sọ pé ńṣe ni àgbọ̀nrín máa ń kọjú sí afẹ́fẹ́ nígbà gbogbo tó bá ń rìn. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì tó láti gbára lé. Ká ní ẹran kì í rìn àfi kó kọjú sí afẹ́fẹ́, àgbọ̀nrín ẹ̀yìn Mówè ì bá ti rìn dé etí ọ̀sà Èkó kí òjò tó dáwọ́ dúró. Ẹran gbọ́dọ̀ lọ síbi oúnjẹ, síbi omi àti síbi tó ń sùn, ibi yòówù kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Penn State ní Pennsylvania ti de ẹ̀rọ atọ́pasẹ̀ mọ́ àgbọ̀nrín lọ́rùn, ohun tí wọ́n rí sì fi hàn pé afẹ́fẹ́ líle kì í dá ìrìn ẹran dúró lọ́sàn-án bí àwọn ọdẹ ṣe máa ń sọ. Ìrìn yóò wà. Ohun tí afẹ́fẹ́ ń yí padà ni ọ̀nà tí ẹran gbà rìn ín, igun tó gbà yọ sí pápá, àti ibi tó yàn láti dùbúlẹ̀.

Ibi ìdùbúlẹ̀ yìí ló yẹ kí ọdẹ ilẹ̀ títẹ́jú bíi tiwa fara balẹ̀ wò, torí òkè pọ̀ ní Pennsylvania. Lọ́sàn-án, àgbọ̀nrín, pàápàá akọ tó ti dàgbà, fẹ́ràn láti dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òkè tí afẹ́fẹ́ kò kọlù, díẹ̀ sísàlẹ̀ téńté. Afẹ́fẹ́ á máa gba orí òkè kọjá bá a lẹ́yìn, á mú òórùn ohunkóhun tó bá ń bọ̀ láti òdìkejì wá fún un. Ojú rẹ̀ á máa wo ìsàlẹ̀, níbi tí imú kò dé. Nígbà tí oòrùn bá sì ti mú ilẹ̀ gbóná, atẹ́gùn gbígbóná á máa gòkè láti àfonífojì, á tún gbé òórùn ìsàlẹ̀ bá a níbi tó wà. Ẹran náà ti fi imú ṣọ́ ẹ̀yìn, ó fi ojú ṣọ́ iwájú, kò sì ṣí kúrò lójú kan.

Gígòkè àti sísọ̀kalẹ̀ atẹ́gùn yìí ni ohun tí ọdẹ àjèjì máa ń ṣàṣìṣe lé lórí jù. Láàárọ̀, bí oòrùn bá yọ, atẹ́gùn á máa gun òkè. Nírọ̀lẹ́, bí ilẹ̀ bá tutù, atẹ́gùn tútù á máa ṣàn sọ̀ kalẹ̀ sínú àfonífojì, gẹ́gẹ́ bí omi ṣe ń wá ibi tó rẹlẹ̀. Ọdẹ tó lúgọ sókè láàárọ̀ wà láìléwu, nítorí òórùn rẹ̀ ń lọ sókè. Bó bá jókòó síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, òórùn rẹ̀ á ṣàn lọ bá gbogbo ẹran tó wà nísàlẹ̀. Níbi tí òkè bá ti pọ̀, afẹ́fẹ́ a tún máa pòyì lẹ́yìn òkè, a sì lè fẹ́ síhà mẹ́ta láàárín wákàtí kan. Nítorí èyí ni àwọn ọdẹ ibẹ̀ fi máa ń mú èso igbó kan tó ní òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dání. Wọn á fi ìka méjì yọ fọ́nrán kan, wọn á tú u sílẹ̀, wọn á sì máa fojú bá a lọ bó ṣe ń léfòó láàárín igi, tó ń gòkè, tó ń yí, tó ń wọ àfonífojì. Eruku wa á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá ọdẹ. Òwú yẹn á sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́nà jíjìn.

Ó tún ku ìyàtọ̀ ńlá kan láàárín ilé àti òkè òkun. Afẹ́fẹ́ tiwa ní àkókò: òjò ní tirẹ̀, ọyẹ́ ní tirẹ̀. Ní àríwá Amẹ́ríkà, afẹ́fẹ́ lè yí padà lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Kí òtútù tuntun tó wọlé, afẹ́fẹ́ sábà máa ń ti gúúsù bọ̀ pẹ̀lú ooru àti ìkùukùu. Bí òtútù náà bá ti kọjá, á yí sí àríwá ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀run á mọ́, afẹ́fẹ́ á sì dúró sójú kan. Ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń retí. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í ní ibùba kan ṣoṣo. Á ṣe ibùba orí igi mẹ́ta tàbí mẹ́rin yí ilẹ̀ kan náà ká, láàárọ̀ ọjọ́ tó bá sì fẹ́ jáde, á wo ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ kó tó yan èyí tí yóò gùn. Bí afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà kò bá bá ọ̀kankan nínú wọn mu, á fi ẹran sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ìjókòó burúkú kan lè kọ́ ẹran láti máa yẹra fún ibẹ̀ fún ìyókù ọdún.

Ọgbọ́n kan wà nínú yíyan ibùba tí àwọn tó ń fi ọrun àti ọfà dọdẹ mọyì gan-an, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ẹran sún mọ́ wọn tó nǹkan bí mítà 20 sí 30. Wọn kì í wá ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dára fún ọdẹ nìkan. Wọ́n gbà pé akọ tó ti gbọ́n kì í fẹ́ gba ọ̀nà tí imú rẹ̀ kò ti wúlò fún un. Ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ dára fún ẹran pẹ̀lú ni wọ́n ń wá: kí ẹran máa rò pé òun ń gbọ́ òórùn gbogbo ohun tó wà níwájú òun, kí òórùn ọdẹ sì kọjá lẹ́bàá rẹ̀ ní ìwọ̀n díẹ̀ péré. Ọ̀nà tí ọdẹ gbà wọlé náà ṣe pàtàkì bákan náà. Kí ni àǹfààní rẹ̀, kéèyàn ní ibùba tó dára, kó sì gba àárín ibi tí ẹran ń sùn kọjá lọ síbẹ̀, tàbí kó gba ibi tí ẹran ń jẹun padà sílé lálẹ́? Ní ti àwọn ọṣẹ aláìlóòórùn àti aṣọ oníèédú tí wọ́n ń tà fún ọdẹ, wọ́n lè dín òórùn kù. Wọn kò lè pa á. Ẹni tó wọ̀ wọ́n tó sì kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́ ń fi owó ṣòfò.

Ohun tó yẹ ká kọ́ lọ́dọ̀ wọn ju ọgbọ́n ibùba lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1900, wọ́n ti dọdẹ àgbọ̀nrín onírù funfun débi pé àwọn onímọ̀ fojú bù ú pé èyí tó kù ní Amẹ́ríkà kò ju nǹkan bí 500,000 lọ. Lónìí, wọ́n tó nǹkan bí mílíọ̀nù 30. Òfin ló gbà wọ́n là. Òfin Lacey ti ọdún 1900 fòfin de gbígbé ẹran tí a pa lọ́nà àìtọ́ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Òfin Pittman-Robertson ti ọdún 1937 sì darí owó orí tó wà lórí ìbọn gígùn àti ọta, tó jẹ́ ìdá 11 nínú 100 lónìí, sí ìtọ́jú ẹran ìgbẹ́ àti ilẹ̀ wọn. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tí a lè dọdẹ, iye tí ẹnìkan lè pa, àti ìwé àṣẹ tí a gbọ́dọ̀ rà. Àwọn ọdẹ fúnra wọn ló ń san èyí tó pọ̀ nínú owó tó gba ẹran náà là.

Ní tiwa ńkọ́? Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978, ilé ti ń lé igbó sẹ́yìn ní Ìbàfò àti Mówè, apá Ìfọ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ibi tí àgbọ̀nrín ti ń jẹ ti di ojúlé àti ọjà. Igbó tó kù, tàkúté wáyà àti iná ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kò jẹ́ kó sinmi. Tàkúté kò bìkítà fún afẹ́fẹ́, kò sì mọ abo tó lóyún yàtọ̀ sí akọ. Ọdẹ tó ń wo afẹ́fẹ́ ń yan ẹran rẹ̀, ó sì ń pàdánù lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹran tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bímọ. Bí a bá fi ọgbọ́n yẹn sílẹ̀ fún tàkúté, ẹran á tán kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó tán.

Ẹ̀yin èwe Mówè, Ìbàfò àti Ìfọ̀, ẹ lọ bá àwọn àgbà ọdẹ àdúgbò yín. Ẹ bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe ń wo afẹ́fẹ́ ọyẹ́ àti afẹ́fẹ́ òjò, ẹ sì kọ ohun tí wọ́n bá sọ sílẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ wa lókè òkun tó fẹ́ dọdẹ, ẹ ra ìwé àṣẹ, ẹ ṣe ẹ̀kọ́ ọdẹ tí òfin ìpínlẹ̀ yín béèrè, kí ẹ sì gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹ̀yin ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé àti Ìfọ̀, ẹ pe àwọn ọdẹ jọ, kí ẹ jọ fi àkókò sí ọdẹ ṣíṣe, kí ẹ sì ya igbó etí odò Ògùn díẹ̀ sọ́tọ̀ kí ilé tó gbà á tán. Ìmọ̀ afẹ́fẹ́ kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni bí kò bá sí ẹran mọ́ nínú igbó.